Ẹja tí Oúnjẹ Rẹ̀ Kò Sí Lọ́jà

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò yọ ẹja sílẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra ẹja òkun tí yóò máa wò nínú àpótí gíláàsì nílé, òwe náà ló yẹ kó kọ́kọ́ rántí kó tó na ọwọ́ sí àpò. Àwọ̀ ẹja ni ojú ń rí, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ló yẹ ká bèèrè. Ẹja tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni Oxymonacanthus longirostris, ọ̀kan nínú àwọn tí Òyìnbó ń pè ní filefish. Kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 lọ. Ara rẹ̀ dà bí aró tí wọ́n fi ewé tútù pò, àmì róbótó-róbótó aláwọ̀ ọsàn sì tò sí i lára láti orí dé ìdí ìrù. Ẹni tó bá rí i tí kò dúró wò ó, ojú ló ń dùn ún. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Iyùn tó wà láàyè ni ẹja yìí ń jẹ. Iyùn tí ọba àti ìjòyè wa ń wọ̀ sọ́rùn jẹ́ egungun ẹ̀dá òkun tó ti kú. Èyí tí ẹja yìí ń jẹ, tó ń jẹ́ Acropora, jẹ́ ìbátan tó jìnnà sí i. Ó máa ń yọ ẹ̀ka nísàlẹ̀ òkun, àìmọye ẹ̀dá tín-tìn-tín tí kálukú ní ẹnu tirẹ̀ ló sì ń gbé lára àwọn ẹ̀ka náà. Àwọn wọ̀nyí ni ẹja náà ń fi ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ ṣá jẹ. Omi àti ikun ló pọ̀ jù lára wọn, ohun tó ń fún ara lókun kò tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí jíjẹ rẹ̀ kì í fi í dáwọ́ dúró láti ìdájí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Akọ àti abo ló sábà máa ń jọ rìn, láti orí iyùn kan bọ́ sí òmíràn ní sàkáání tiwọn. Irú ọgbà iyùn bẹ́ẹ̀ pọ̀ láti etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà títí dé Samoa, ṣùgbọ́n kò sí láti Èkó dé Lomé. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tí ẹja yìí bá pàdé, inú ṣọ́ọ̀bù ní ìlú bíi London tàbí Houston ni yóò ti pàdé rẹ̀.

Àjọṣe ẹja yìí pẹ̀lú iyùn kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Ní 2014, Rohan Brooker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Australia gbé ìwádìí jáde pé òórùn iyùn tó bá jẹ ni ara rẹ̀ máa ń gbé. Akàn tó ń gbé inú iyùn kò mọ èwo ni ẹja, èwo ni iyùn, bí ẹja náà bá sì sá sáàárín ẹ̀ka, ẹja ńlá tó ń wá ohun tí yóò jẹ kì í tètè fura. Ohun tó ń jẹ náà ló ń bò ó. Ẹ̀rí tó wúwo jù lójú mi wá láti Okinawa ní Japan. Ní 1998, omi òkun gbóná kọjá ààlà níbẹ̀, iyùn funfun báláú, ọ̀pọ̀ sì kú. Edé, kòkòrò àti ewé omi ṣì wà nínú òkun náà. Ẹja mìíràn ìbá yí oúnjẹ padà. Èyí kò yí i padà: ńṣe ni wọ́n ń dín kù títí wọ́n fi pòórá níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣọ́ wọn. Bí ebi kò bá lè kọ́ ọ ní oúnjẹ tuntun nínú òkun tó bí i, mi ò mọ ohun tí oúnjẹ inú ike yóò rí ṣe nínú pálọ̀ wa.

Ṣé ká wá bọ́ ọ ní Acropora gan-an? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ìdẹkùn. Iyùn yìí wà lára àwọn tó ṣòro sìn jù: ó ń fẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ gidi, omi tó ń ṣàn lé e lórí, ìwọ̀n iyọ̀ àti ooru tí kì í yí padà lójijì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sìn ti náwó, ó ti nára, kò sì ní mú ẹni tí yóò jẹ ẹ́ tán wọlé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sìn, kí ni yóò fi bọ́ ẹja? Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ gbà láti fi iyùn rẹ̀ ṣòfò, tọkọtaya ẹja tó ń jẹ látàárọ̀ dalẹ́ yóò jẹ ẹ́ ju bó ṣe lè hù padà nínú àpótí ilé lọ.

Àwọn kan yóò ní àwọn mọ ẹni tó ti kọ́ ọ ní oúnjẹ mìíràn. Òótọ́ ni. Àwọn olùsìn tó mọṣẹ́ dunjú ti mú un jẹ edé wẹ́wẹ́ inú yìnyín àti ẹyin ẹja, àwọn kan tilẹ̀ ti mú kó yé ẹyin, wọ́n sì tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà. Mo kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ yè ni à ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kú ti da omi nù, ó ti dákẹ́. Ohun mìíràn tún wà: kí ẹja fi ẹnu tọ́ oúnjẹ wò yàtọ̀ sí kó gbé e mì, kó gbé e mì sì yàtọ̀ sí kó sanra lórí rẹ̀. Ó lè máa ṣá a jẹ lójú oníbàárà, kí ikùn rẹ̀ máa wọnú lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n bí sínú gíláàsì, tó sì ń jẹ àjẹyó lójú yín, àríyànjiyàn mi kò kan ìyẹn. Òun kọ́ ló wọ́pọ̀ lọ́jà.

Àtakò tó ṣòro fèsì sí jù ni ti aláàánú: wọ́n ti mú un lókun ná, bí mi ò bá rà á, inú ṣọ́ọ̀bù ni yóò kú sí. Àánú dára, àmọ́ ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù kò mọ̀ pé àánú lẹ fi rà á. Ohun tó mọ̀ ni pé ọjà tà, yóò sì ránṣẹ́ fún òmíràn. Kódà, èyí tó tètè kú kò pa á lára, torí ẹni tí ẹja rẹ̀ kú sábà máa ń padà wá rà. Àjọ IUCN, tó ń ṣọ́ ipò àwọn ẹ̀dá láyé, ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ìparun lè dé bá, àwọn kan sì fi ìyẹn ṣe àwíjàre pé inú ilé ni yóò ti là. Ẹja kan ṣoṣo tí kò ní ìkejì, tí ebi ń pa, kò lè gba ìran rẹ̀ là. Ní ti apẹja Indonesia tàbí Philippines tó ń fi iṣẹ́ yìí bọ́ ọmọ, ẹja tó lè yè nínú gíláàsì pọ̀ tó lè mú tà.

Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ ọsàn nínú ilé rẹ̀, kó ra ẹja tí Òyìnbó ń pè ní clownfish, èyí tí wọ́n bí sínú gíláàsì: wọ́n ti ń sìn ín fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun gbogbo tí a bá fún un ló ń jẹ. Ẹja yòówù kí ẹ fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n bọ́ ọ lójú yín, kí ẹ padà lọ́jọ́ kejì kí wọ́n tún bọ́ ọ, kí ẹ sì wo ikùn àti ẹ̀yìn orí rẹ̀ bóyá ó ti jó wọnú. Bí filefish yìí bá ti wà lọ́wọ́ yín ńkọ́? Ẹ má dà á sínú odò tàbí òkun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ lọ edé àti ẹyin ẹja pọ̀, kí ẹ fi ra egungun iyùn òkú kó lè máa ṣá a jẹ bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Láàárín ìgbà náà, ẹ máa wá ẹni tó ń gbin Acropora púpọ̀ débi pé kò ní ka díẹ̀ sí, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó gbà á lọ́wọ́ yín.