Oore Tí A Lóṣòó Tì: Ohun Tí Mo Kọ́ Nínú Ìwé Dáyámọ́ńdì



Ìtàn bí ìwé títẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wa ní kí n kọ ní táàmù yìí. Ibi tí mo ti ń wá a kiri ni mo ti bá Ìwé Dáyámọ́ńdì pàdé, ìwé ọgbọ́n kan nínú ẹ̀sìn Búdà. Ẹ̀dà rẹ̀ kan tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣáínà lọ́dún 868 ni odindi ìwé títẹ̀ tó ní déètì lára tó pẹ́ jù lọ tí a ṣì ní. Igi tí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó gùn ju mítà 5 lọ. Inú ihò àpáta ní Dunhuang ni wọ́n ti rí i. Ó wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí.

Mi ò bá ti dúró síbẹ̀, àmọ́ mo ní kí n ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ o, ẹ má bẹ̀rù!

Búdà ti tọrọ oúnjẹ nígboro, ó jẹun tán, ó fọ ẹsẹ̀, ó jókòó. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan, Subhuti, wá bi í pé báwo ni ẹni tó fẹ́ gba gbogbo ẹ̀dá là ṣe máa kó ọkàn rẹ̀ níjàánu. Búdà ní kó gbà wọ́n là lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti ń rò pé èmi ni mo gbà wọ́n là, kò tíì débẹ̀. Ó ní kéèyàn fúnni láìgbé ọkàn lé e. Èrè irú ọrẹ bẹ́ẹ̀ kò ṣe é wọ̀n, bí òfuurufú kò ṣe ṣe é wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi wí. Ní táàmù tó kọjá, mo yá ọ̀rẹ́ mi kan ní nóòtì Kẹ́mísírì. Ó gba 17 nínú 20, èmi gba 14. Kò sẹ́ni tí mi ò sọ fún pé nóòtì mi ló kà. Látìgbà náà, kò yá nǹkan lọ́wọ́ mi mọ́. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́: ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí aláìṣe ni.

Ohun kan ṣì rú mi lójú. Wọ́n kọ ọ́ sí ìparí ìwé ọdún 868 náà pé Wang Jie ló ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nítorí ìyá àti bàbá rẹ̀, kí wọ́n pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé òun náà kò lóṣòó ti oore rẹ̀ ni? Mo rò ó títí. Lójú tèmi, kéèyàn fi orúkọ sí oore kọ́ ló burú. Ká sọ ọ́ di gbèsè sọ́rùn ẹni tó gbà á ni kò dáa. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn.

Mo ti lọ bẹ ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ tó ń ka èyí ńkọ́, oore wo lo lóṣòó tì?