Ta Ni Ó Lè Dárí Jì? Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ẹjọ́ Ogun Ilẹ̀ Sàró

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín ní oṣù yìí ní ìbéèrè líle kan nínú. Nígbà tí ogun bá parí, tí àwọn tí ó ṣe ìkà nínú rẹ̀ sì wà láàyè, ta ni ó ní àṣẹ láti wí pé a ti dárí jì wọ́n? Ṣé olórí ìlú ni? Ṣé àwọn alárinà tí ó jókòó láti kọ ìwé àlàáfíà ni? Tàbí ẹni tí a gé lọ́wọ́? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àròsọ. Ó dìde ní ilẹ̀ Sàró, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ka ìtàn Ìjọ wa mọ̀ dáadáa, nítorí níbẹ̀ ni a ti sọ Àjàyí Crowther kalẹ̀ ní òmìnira ní ọdún 1822, ibẹ̀ náà ni ó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Fourah Bay.

Ní oṣù kẹta ọdún 1991 ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí a ń pè ní RUF, tí Foday Sankoh jẹ́ olórí wọn, ti ilẹ̀ Làìbéríà wọ ilẹ̀ Sàró. Ogun náà kò tán títí di oṣù kìíní ọdún 2002. A kò ní í ka gbogbo ìwà búburú inú rẹ̀ síhìn-ín, ṣùgbọ́n díẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́. Wọ́n ń gé ọwọ́ àwọn ará ìlú tí kò bá ẹnikẹ́ni jà; wọn a sì máa bi ẹlòmíràn léèrè bóyá ọwọ́ kúkurú tàbí ọwọ́ gígùn ni ó ń fẹ́, bí ẹni pé aránṣọ ni wọ́n: èyí kìíní ni gígé lókè ìgúnpá, èyí kejì ni gígé ní ọrùn ọwọ́. Wọ́n kó àwọn ọmọdé, wọ́n fi ìbọn lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi ipá mú àwọn ọmọbìnrin ṣe aya nínú igbó. Dáyámọ́ǹdì tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n fi ń ra ohun ìjà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1999 wọ́n wọ Freetown fúnra rẹ̀, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì sun ilé, kí àwọn ọmọ ogun ECOMOG, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó lé wọn jáde.

Lẹ́yìn èyí ni a pe ìpàdé àlàáfíà ní Lomé ní ilẹ̀ Tógò. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1999 ìjọba Ààrẹ Kabbah àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi ọwọ́ sí ìwé kan. Nínú ìwé náà a dárí ji Sankoh, ẹni tí ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ rẹ̀ ti dá ẹjọ́ ikú fún ní ọdún 1998, a sì dárí ji gbogbo àwọn tí ó jà, láìku ẹnì kan. Kò tán síbẹ̀. A fi Sankoh ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣe àkóso àwọn ohun àlùmọ́nì ilẹ̀ náà, a sì fún un ní ipò tí ó dọ́gba pẹ̀lú ti igbákejì ààrẹ. Ẹni tí ó ti fi dáyámọ́ǹdì jagun ni a fi ṣe olùṣọ́ rẹ̀!

Síbẹ̀, kò yẹ kí a yára dá àwọn tí ó kọ ìwé náà lẹ́bi. Ìlú ti jóná, ó ti rẹ àwọn ènìyàn, agbára ìjọba kò ká àwọn ọlọ̀tẹ̀, ìjọba tuntun ní Nàìjíríà sì ń fẹ́ kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ padà wálé. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í dúró láti yan omi. Ṣùgbọ́n nígbà tí aṣojú Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè ń fi ọwọ́ sí ìwé náà, ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un, pé ní ti Àjọ tí ó rán òun, ìdáríjì yìí kò kan ìpakúpa, tàbí ẹ̀ṣẹ̀ sí gbogbo ọmọ ènìyàn, tàbí ìwà ọ̀daràn inú ogun. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun ni ó pa ọ̀nà mọ́ fún ohun tí ó tẹ̀ lé e.

Nítorí àlàáfíà náà kò pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000 àwọn ọlọ̀tẹ̀ mú ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn ọmọ ogun Àjọ náà ní ìgbèkùn. Nínú oṣù yẹn kan náà ni a mú Sankoh. Ààrẹ Kabbah wá kọ̀wé sí Àjọ náà pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ láti dá ilé-ẹjọ́ kan sílẹ̀, nítorí ìwé Lomé ti di ọwọ́ ilé-ẹjọ́ tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2002 àwọn méjèèjì fi ọwọ́ sí àdéhùn, a sì dá Ilé-ẹjọ́ Àkànṣe fún Ilẹ̀ Sàró sílẹ̀ ní Freetown. Apá kan àwọn adájọ́ rẹ̀ ni Àjọ náà yàn, apá kan ni ìjọba Sàró yàn. Adájọ́ Emmanuel Ayọ̀ọlá, ọmọ Yorùbá, wà nínú àwọn tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn níbẹ̀, ó sì ṣe olórí ilé-ẹjọ́ náà fún ìgbà kan.

Àwọn agbẹjọ́rò àwọn tí a fi sùn fi ìwé Lomé siwájú àwọn adájọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2004 ìdáhùn dé pé ìdáríjì náà kò lè dí ẹjọ́ yìí lọ́wọ́. Kí ìdí rẹ̀ lè yé ẹgbẹ́ yín, ẹ wò ó báyìí: bí ọmọ kan bá jí adìẹ nínú agboolé, baálé lè pa ọ̀rọ̀ náà pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá dáná sun ọjà, gbogbo ìlú ni ó ṣẹ̀, baálé kan kò sì lè nìkan sọ pé ó tán. Báyìí ni òfin àwọn orílẹ̀-èdè ti ka irú ẹ̀ṣẹ̀ wọ̀nyí sí. Ìjọba kan lè ṣèlérí pé òun kò ní í pe ẹjọ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ìlérí náà lórúkọ gbogbo ayé.

Ènìyàn 13 ni a fi sùn, nítorí àwọn tí ẹ̀bi wọn pọ̀ jù lọ nìkan ni a dá ilé-ẹjọ́ náà sílẹ̀ fún. Kò sí ẹjọ́ ikú nínú òfin rẹ̀. A kò fi ọmọdé kankan sùn, àní àwọn tí ó pa ènìyàn pàápàá. Sankoh kú sínú àhámọ́ ní ọdún 2003 kí a tó dá ẹjọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2007 ni a kọ́kọ́ dá ènìyàn lẹ́bi ní ilé-ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè nítorí kíkó ọmọdé sí ogun, níbẹ̀ ni ó sì ti ṣẹlẹ̀.

Èyí tí ó dun àwọn ará Sàró jù ni ti Hinga Norman, olórí àwọn ọdẹ tí ó gbèjà ìjọba. Akọni ni lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó kú ní ọdún 2007 kí ìdájọ́ rẹ̀ tó dé, ṣùgbọ́n a dá méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Fofana àti Kondewa, lẹ́bi nítorí ibi tí àwọn ọdẹ náà ṣe sí àwọn ará ìlú. Àwọn adájọ́ àkọ́kọ́ rò pé ìjà òdodo ni wọ́n jà, wọ́n sì fún wọn ní ẹ̀wọ̀n ọdún 6 àti ọdún 8. Ní ọdún 2008 àwọn adájọ́ àgbà sọ ọ́ di 15 àti 20: òdodo tí ènìyàn ń jà fún kò dín ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹ aláìṣẹ̀ kù. Ní ti àwa, a gbà pé ìdájọ́ kejì ni ó tọ́, bí ó tilẹ̀ korò. Ẹni tí wọ́n bá pa ọmọ rẹ̀ kì í bi ọ̀bẹ léèrè ẹgbẹ́ tí ó ń sìn.

Ti Charles Taylor kan ilé wa. Ó jẹ́ ààrẹ Làìbéríà nígbà tí a fi í sùn ní ọdún 2003 pé ó ń ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ Sàró lọ́wọ́. Kí ogun Làìbéríà lè parí, a jẹ́ kí ó fi ipò sílẹ̀, kí ó sì wá máa gbé ní Kálábá. Ọdún méjì àbọ̀ àti díẹ̀ ni ó fi jẹ́ àlejò Nàìjíríà. Ní oṣù kẹta ọdún 2006 ìjọba wa sọ pé Làìbéríà lè wá mú un. Ó sá lọ. Ọjọ́ 29 oṣù náà ni a mú un ní Gamboru, lẹ́bàá ẹnu ibodè Kamẹrúùnù, a sì fi í ránṣẹ́. Nítorí ìbẹ̀rù ìjà, ní The Hague ni a ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àwọn adájọ́ kò sọ pé òun ni ó ń pàṣẹ fún àwọn ọlọ̀tẹ̀. Wọ́n sọ pé ó ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì bá wọn pète, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀wọ̀n ọdún 50 ni wọ́n fún un ní ọdún 2012, ní ìlú Òyìnbó ni a sì fi í sí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Làìbéríà fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹ̀sùn náà.

Àwọn bàbá wa wí pé a kì í ti kóòtù dé kí a ṣọ̀rẹ́. Àwọn ará Sàró mọ èyí, nítorí náà wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà sílẹ̀ pẹ̀lú, Bíṣọ́ọ̀bù Humper ti Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì ni alága rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹni tí a ṣe ní ibi ti lè jókòó sọ tirẹ̀, ìbáà ṣe ní ọdún 1991. Nítorí ilé-ẹjọ́ náà kò lè gbọ́ ohunkóhun tí ó ṣáájú ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1996. Nínú ìwé tí Ìgbìmọ̀ náà gbé jáde ní ọdún 2004, wọ́n ní kí a tọ́jú àwọn tí a gé lọ́wọ́, àwọn opó, àti àwọn ọmọ. Ọdún 2008 ni ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, owó tí ó sì dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ wọn kò tó nǹkan.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lo ẹ̀kọ́ yìí, kí ó ka ìtàn Fofana àti Kondewa fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ó pín wọn sí ọ̀nà méjì, kí apá kan gbèjà ọdún 6 àti 8, kí apá kejì gbèjà 15 àti 20. Lẹ́yìn náà kí ó ní kí wọ́n pààrọ̀ ibùjókòó, kí olúkúlùkù sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí àwọn ọdẹ náà sun ilé rẹ̀.