Ta Ló Ń Jẹ Bátìrì Fóònù Wa?

Ká sọ pé a ṣáájì fóònù wa kún lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó. A kò pe ẹnikẹ́ni, a kò sì wo fíìmù. Síbẹ̀, kí a tó wọ Èkó, fóònù ti kú. Oníbàárà tó ń dúró dè wá pè wá títí, kò rí wa bá sọ̀rọ̀. Ó bínú lọ. Ta ló jẹ bátìrì náà?

Ẹ jẹ́ ká wádìí rẹ̀. Àwọn áàpù kan wà nínú fóònù tó máa ń ta wá lólobó nípa ibi tí a wà. Ọ̀kan á ní, "Òjò ń bọ̀ níbi tí ẹ wà." Òmíràn á ní, "Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ wà níwájú." Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yìí ló ń jẹ iná jù. Kí wọ́n tó lè sọ ọ́, fóònù ní láti mọ ibi tí a wà. Bó ṣe ń wá a lemọ́lemọ́, ibẹ̀ ni iná ń gbà lọ.

Báwo ni fóònù ṣe ń mọ ibi tí a wà? Ọ̀nà méjì pàtàkì ni.

Èkíní ni GPS. Àwọn sátẹ́láìtì ń yí ayé po lókè réré, ó lé ní 20,000 kìlómítà sí wa. Fóònù gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn mẹ́rin nínú wọn kó tó mọ ibi tí a dúró sí dáadáa. Ohùn náà ti rẹlẹ̀ púpọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́ ni láti gbọ́ ọ, iṣẹ́ náà sì ń gba iná.

Èkejì ni òpó fóònù àti Wi-Fi tó wà nítòsí. Kò péye tó GPS, ṣùgbọ́n iná díẹ̀ ló ń jẹ.

Bí a bá rán ọmọ sí ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan láti wò bóyá àlejò ti dé, kò ní rẹ̀ ẹ́. Bí a bá ń rán an ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, àárẹ̀ á mú un kí ọ̀sán tó pọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù rí.

Kí ni ká ṣe?

1. Ẹ ṣí Settings, kí ẹ wo Battery. Ẹ ó rí áàpù tó ń jẹ iná jù. Ó lè jẹ́ ojú fóònù tó mọ́lẹ̀ jù ló fà á.

2. Ẹ wo Location. Láti ọdún 2019 tí Android 10 ti dé, a lè ní kí áàpù wá ibi tí a wà nígbà tí a bá ń lò ó nìkan. iPhone náà ní irú rẹ̀.

3. Áàpù tí kò nílò rẹ̀ rárá, bíi eré tàbí tọ́ọ̀ṣì, ẹ má gbà fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ má pa gbogbo rẹ̀ o! Bí fóònù bá sọnù, Location lè jẹ́ ká mọ ibi tó wà.

Ìbéèrè
1. Kí ló ń jẹ iná jù: ìkìlọ̀ áàpù, tàbí wíwá ibi tí a wà?
2. Áàpù mélòó nínú fóònù yín ló ń wá ibi tí ẹ wà? Ẹ lọ wò ó.