Máàkì Dára, Kò sì Rọ́nà Wọlé

ÌBÉÈRÈ

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, Ìbàdàn. Ọmọbìnrin mi gba máàkì 251 nínú JAMB ọdún tó kọjá. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ló sì mú. WAEC rẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, ó dára. A retí títí, a ò gbọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí kò tó o ní máàkì ti wọlé. Ọkùnrin kan ní kí n mú owó wá, pé òun léèyàn ní yunifásítì náà. Ṣé kí n san án, àbí kó tún JAMB ṣe?

Ìyá Aláṣọ

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ má san kọ́bọ̀. Orí CAPS, ìyẹn ìkànnì ìgbàwọlé tó jẹ́ ti JAMB, ni ìgbàwọlé ń gbà kọjá: ilé-ìwé á dá orúkọ lábàá, JAMB á fọwọ́ sí i, ọmọ fúnra rẹ̀ á sì tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Lẹ́tà tí kò bá gba ibẹ̀ jáde, ọjọ́ tí ọmọ bá fẹ́ di àgùnbánirọ̀ ni yóò tó mọ̀ pé bébà lásán ni.

Ta ló gbé èsì WAEC rẹ̀ sórí CAPS? Ibẹ̀ ni mo fura sí jù. Ẹ ní èsì náà jáde lẹ́yìn JAMB; a jẹ́ pé "awaiting result" ni wọ́n kọ fún un nígbà tó forúkọ sílẹ̀. Èsì á jáde, ilé á yọ̀, wọ́n á pa adìyẹ, kò sì ní sẹ́ni tó máa rántí padà lọ gbé e sókè. Lójú CAPS, ọmọ tí kò lésì ni, kódà kó gba 300. Ọ́fíìsì JAMB tàbí ibùdó CBT tí JAMB fọwọ́ sí ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó bá ti ní kọ̀ǹpútà. Kó fojú ara rẹ̀ rí i lórí ẹ̀rọ kó tó kúrò níbẹ̀.

Ní ti ọmọ tí máàkì rẹ̀ kéré, ó lè má jẹ́ màgòmágó. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ń fi ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún gba àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ìwé ká, 20 sì wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ ti rẹ̀yìn. Kí ọmọ yín mú ilé-ìwé tí ìpínlẹ̀ yín wà lára àwọn tó yí i ká. Èrò tún pọ̀ nídìí nọ́ọ̀sì. 251 kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbára lé sùn. Ṣé ó tiẹ̀ ṣe Post-UTME, àyẹ̀wò tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB? Fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọjọ́ tó ń parí lọ́tọ̀.

Tó bá máa tún JAMB ṣe, Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì ni kó mú. Kó tún yẹ orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN rẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni JAMB ti ń mú un. Bí kò bá bá ti WAEC mu, ọ́fíìsì NIMC tó ń ṣe NIN ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ tó ra fọ́ọ̀mù.

Nígbà tó bá ń forúkọ sílẹ̀, ímeèlì àti fóònù ọmọ gan-an ni kí wọ́n lò, kì í ṣe ti oní-kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń ní "Mummy, ẹ fi sílẹ̀, a ó bá yín ṣe é." Ẹ má fi sílẹ̀.

Ẹ ní kó wọ CAPS rẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ kọ ohun tó bá rí níbi èsì WAEC ránṣẹ́ sí mi.