Aboyún àti Àwọn Tó Yí I Ká

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí Abíyè, ètò ìtọ́jú aboyún, bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2009 láyé Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ wa níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Wọ́n fún aboyún ní fóònù. Òṣìṣẹ́ ìlera sì ń tọ̀ wọ́n wá sílé. Wíwá sílé yẹn ló wù mí jù, torí ilé ni ọ̀rọ̀ oyún ti ń yanjú. Bí ìyá ọkọ bá ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ń mú ọmọ tóbi jù, ìyàwó á jù ú nù. Bí aládùúgbò bá ń lọ gbàyẹ̀wò, òun náà á bá a lọ. Nígbà tó yá, ètò Agbẹ̀bíyè fún àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ lówó kí wọ́n lè máa mú aboyún wá sílé ìwòsàn. Wọn ò lé àwọn agbẹ̀bí náà dànù, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ilé ni ọ̀rọ̀ oyún ti ń yanjú, ẹ mú ìyá ọkọ yín dání lọ síbi àyẹ̀wò, kó gbọ́rọ̀ lẹ́nu nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ẹ bá ọlọ́kadà àdúgbò ṣàdéhùn ṣáájú oṣù ìbímọ. Ṣùgbọ́n bí orí bá ń fọ́ yín gan-an, tí ojú ń ṣú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹ má dúró gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ máa lọ sílé ìwòsàn.