Ẹ Má Tíì Gba Ohun Tí Clamp Sọ

Ẹ̀yin ará Boundary, láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja tútù inú ọjà títí dé àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lápá Àpápá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí wáyà bá ń gbóná, tàbí tí fírísà ń jó lemọ́lemọ́, oníṣẹ́ iná la máa ń pè. Á yọ clamp jáde, míta tó ń yanu gbá wáyà mú bí ẹ̀mú, á wò ó, á ní kò sí wàhálà. Míta yẹn lè parọ́ fún un, kó má sì mọ̀.

Iná tó yẹ kó wọlé wa jẹ́ 230 fóltì, tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́ọ́rọ́wọ́. Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù ń fà á bẹ́ẹ̀. Ti ìnfátà, tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà àti gílóòbù LED yàtọ̀: jíjá ni wọ́n ń já a gbà, gbì, gbì, gbì. Clamp olówó pọ́ọ́kú ń ṣírò bí ẹni pé wọ́ọ́rọ́wọ́ ni gbogbo iná ń lọ, nítorí náà ó lè pe 10 áńpù ní 6. Wáyà tí wọ́n ní ó ń sinmi lè máa yọ́ nínú ògiri. Èyí tí wọ́n kọ True RMS sí lára ni kí ẹ bèèrè.

Àwọn ilé oníyàrá púpọ̀ tí fésì mẹ́ta wọ̀ ni ọkàn mi ń lọ sí jù. A máa ń retí pé kí fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa ara wọn rẹ́ lórí neutral, wáyà tí iná ń gbà padà. Iná jíjá yìí kì í parẹ́ tán. Ṣe ló ń kóra jọ síbẹ̀, débi pé neutral lè ru ju fésì kan lọ, láìsí fíùsì tó máa já. Ẹ ní kí wọ́n wọn neutral lọ́tọ̀. Wáyà kan ṣoṣo ni clamp gbọ́dọ̀ gbá mú: bó bá kó fésì àti neutral pọ̀, òdo ló máa kà.

Ẹni tó ní sólà, clamp oníkọ́ìlì lásán kò rí iná bátìrì, ìyẹn DC, rárá; èyí tó ń ka DC ni kó rà. Clamp irú Rogowski, tó ṣeé wé mọ́ kébù ńláńlá, dára fún ilé-iṣẹ́, àmọ́ òun náà kò rí DC, iná kékeré sì ń ṣòro fún un.

CT, kọ́ìlì tó yí wáyà ká tí wọ́n so mọ́ míta ńlá, ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ wáyà kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí iná ń kọjá. Fóltì tó máa jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn. Ẹ pa iná ná. Bó bá jẹ́ ti EKEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná, àwọn ni kí ẹ pè.

Bí ẹ bá dé ọjà Alábà láti ra clamp, ẹ wò ó bóyá àmì ààbò CAT III 600V wà lára rẹ̀, tàbí CAT IV fún ibi tí wáyà ti òpó wọlé. Ẹ fi kẹ́tùlù dán an wò: kẹ́tùlù 2,300 wáàtì lórí 230 fóltì gbọ́dọ̀ fún yín ní nǹkan bí 10 áńpù; bí fóltì bá wálẹ̀, á dín. Èyí tó ka kẹ́tùlù dáadáa ṣì lè ṣìnà, nítorí náà ẹ tún gbé e sórí wáyà tó ń bọ́ ìnfátà, kí ẹ fi wé True RMS kí ẹ tó sanwó.