Kí Abẹ́rẹ́ Àtẹ́lẹwọ́ Má Bàa Dùn Ẹ́ Jù

Àbúrò mi, ìwọ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ ń làágùn débi tí bébà ìdánwò fi ń rin, tí ẹ̀rọ tó ń gba òǹtẹ̀ ìka ní báńkì kì í fẹ́ gbà fún ẹ, tó o máa ń nu ọwọ́ mọ́ aṣọ kó o tó bọ èèyàn lọ́wọ́, mo mọ̀ pé o ti gbọ́ nípa Botox, abẹ́rẹ́ tó ń mú òógùn gbẹ. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù ìrora ni kò jẹ́ kó o tíì lọ.

Ẹ̀rù yẹn tọ́. Àtẹ́lẹwọ́ àti orí ìka wà lára ibi tí nǹkan ti ń tètè dun ọmọ èèyàn jù lọ. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Káàkiri àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń gún un, bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí kan ààbọ̀ síra wọn, ó sì lè tó ojú 30 sí 50 lọ́wọ́ kan ṣoṣo. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì, òógùn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ó máa ń tó bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó padà, wọ́n á sì tún un gún. Nítorí náà ni mi ò ṣe fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé kó o ṣáà fara dà á. Bí ti àkọ́kọ́ bá dá ẹ lóró, o ò ní padà lọ gba ìkejì.

Bó ò bá tíì gbìyànjú oògùn aluminium chloride tí wọ́n ń fi pa ọwọ́ gbígbẹ lálẹ́, tàbí ẹ̀rọ tó ń gba inú omi fi iná mànàmáná díẹ̀ sọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò la abẹ́rẹ́ lọ.

Bó bá wá kan abẹ́rẹ́, má ṣe dúró di ọjọ́ náà kó o tó béèrè. Sọ pé, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa lò tí kò fi ní dùn mí?” Béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n ti ń gún un sọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, torí abíyá ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún lọ́dún 2004. Ti àtẹ́lẹwọ́, ìmọ̀ dókítà ni wọ́n fi ń ṣe é.

Èyí tó ń pa ìrora jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi lidocaine, oògùn tó ń mú ara kú, gún ọrùn ọwọ́, níbi tí àwọn iṣan tó ń gbé ìrora láti àtẹ́lẹwọ́ lọ sí ọpọlọ ń gbà kọjá. Àtẹ́lẹwọ́ á kú. O lè mọ̀ pé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n o ò ní mọ ẹnu abẹ́rẹ́. Ó gba ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe o, ọwọ́ náà á sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Má wa ọkọ̀, má sì sún mọ́ epo gbígbóná. Mú ẹnì kan dání, tàbí kó o ní kí wọ́n ṣe ọwọ́ kan lónìí, ìkejì lọ́jọ́ mìíràn.

Bí kò bá sí èyí, má fojú kéré omi dídì. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tí wọ́n fẹ́ gún fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí wọ́n gbé e kúrò, kí abẹ́rẹ́ wọlé lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ̀n rìrì, irú èyí tí wọ́n fi ń wọ́ ara, náà máa ń ran èèyàn lọ́wọ́ bí wọ́n bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Nígbà tá a bá fẹsẹ̀ kọ, ṣebí a máa ń fọwọ́ ra á? Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Melzack àti Wall, ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1965 pé ìfọwọ́kàn lè dí ọ̀nà mọ́ ìrora nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, kó tó dé ọpọlọ.

Ìpara tó ń mú ara kú ńkọ́? Ó dáa níbòmíràn, ṣùgbọ́n awọ àtẹ́lẹwọ́ nípọn, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Má jẹ́ kí wọ́n fi òun nìkan tù ẹ́ nínú. Ohun tó ṣe gúnmọ́ ni kí abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́nà, torí awọ nínípọn ń sọ ẹnu rẹ̀ di kíkú.

Bó o bá lóyún, tó ò ń fọ́mọ lọ́mú, tó o ní àìsàn tó ń mú kí iṣan ara rọ, tàbí tó ò ń gba oògùn apakòkòrò gentamicin, sọ fún dókítà kó tó fọwọ́ kan ẹ. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, àtàǹpàkò lè rọ díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìwọ aránṣọ tàbí onídìrí, má fi í sí ìgbà tí iṣẹ́ Iléyá tàbí Kérésì ti kún ilẹ̀.

Kó o tó kúrò níbẹ̀, ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n lò àti bí wọ́n ṣe lò ó sínú fáìlì rẹ. Ó lè jẹ́ dókítà mìíràn lo máa bá nígbà tó o bá padà lọ.